Ìṣísẹ̀ Bàrúwà Nínú Yanrìn

Iṣẹ́ tí Hùmúàní ń ṣe l'Áyétòrò kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi yangàn. Yanrìn ló ń tẹ́. Dókítà Ọ̀ṣúnkẹ́mi, obìnrin tó ń ṣe ìwádìí nípa ìrìn, ti da yanrìn kíkúnná sí ọ̀nà tóóró kan lábẹ́ páànù, ó gùn tó ogún ìṣísẹ̀. Láràárọ̀, Hùmúàní á wọ́n omi sí i, á fi pákó fà á títí á fi tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Èèyàn á rìn ín, ewúrẹ́ á rìn ín, awó á rìn ín, Dókítà á sì fi téèpù wọn àlàfo ẹsẹ̀ wọn. Píọ́pì kan wà lára ògiri tí wọ́n fi gba ojú ẹsẹ̀ ẹranko kan lára òkúta ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹranko tó ti parun kí ọmọ aráyé tó wà. Dókítà ní bí ìyẹn ṣe ń rìn lòun ń wá, àwọn tó ṣì ń rìn ló sì lè fi han òun.

"Ohun tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ìrìn ẹ̀ ṣe?"

Bàrúwà, ọkọ Hùmúàní, ló bèèrè bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó yà dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí òun náà wá rìn. Bàrúwà ga, ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì máa ń yà síta díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Hùmúàní ti ń sáré tẹ̀ lé e lọ oko. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, Bàrúwà á dúró, á máa wo ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni fẹ́ rà á, títí ìyàwó á fi bá a. Kò jẹ́wọ́ rí pé òun ń dúró dè é.

Ó rìn ín já, ó gbé báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Kétu lọ́hùn-ún, ní òdìkejì bodè, lọ́dọ̀ Àṣíáwù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni. Kí ọjọ́ mẹ́ta náà tó pé, ìjọba ti ti bodè pa.

Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń gba inú igbó wọlé. Ṣùgbọ́n àìsàn dá Bàrúwà wólẹ̀ ní Kétu, apá kan ara rẹ̀ rọ. Ọlọ́kadà kankan kò fẹ́ gbé aláìsàn gba inú igbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hùmúàní dé Ìlárá létí bodè, ẹ̀ẹ̀mejì làwọn oníbọn dá a padà.

"Ìyá Qúdrát, ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́," Bàrúwà wí lórí fóònù. "Tó bá gbé mi ni, mi ò bá ti dé."

Nígbà tí Àṣíáwù pè lóṣù Kẹwàá, wọ́n ti sin ín bí ẹ̀sìn ṣe wí. "Má bínú, Hùmúàní. A ò lè dúró dè ẹ́."

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó padà síbi iṣẹ́. Ó wo píọ́pì ara ògiri, inú bí i gidigidi. Ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ti Bàrúwà, òun fúnra òun ló fi pákó fà á nù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tilẹ̀ wolẹ̀. Ó jókòó, ó sunkún.

Dókítà ṣí ìwé rẹ̀, ó rí àlàfo ẹsẹ̀ Bàrúwà níbẹ̀.

"Màmá, ó wà níbí."

"Ẹ bá mi gé igi tó gùn tó bẹ́ẹ̀."

Hùmúàní mú sálúbàtà ọkọ rẹ̀ wá láti ilé. Ó ń fi igi wọn yanrìn, ó ń tẹ sálúbàtà mọ́ ọn, ó ń ya ti òsì síta, títí ó fi dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ inú ojú ẹsẹ̀ náà. Ìṣísẹ̀ tirẹ̀ kò gùn tó, àfi kó máa fò. Nígbà tó dé àárín, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń wo iwájú. Ibi báyìí ni Bàrúwà ì bá ti dúró wo ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bákan náà ni àlàfo gbogbo ẹsẹ̀ náà rí títí dé òpin, kò síbi tó ti dúró dè é.

Hùmúàní jáde kúrò nínú yanrìn, ó mú pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tẹ́jú.