Tùwó Kì Í Ṣe Eré

Bí inú bá ń bí Jàmàlúdéènì, gbogbo àdúgbò Kabala Doki lókè ọya ní í mọ̀; àwọn ewúrẹ́ pàápàá a kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá. Ọmọ Ìlọrin ni, awọ màlúù ló sì ń rà lọ́wọ́ àwọn alápatà Mando láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú. Òwò náà ní èèwọ̀ kan: alápatà kò ní dárúkọ iye awọ láé, àfi bí ó bá jẹ oúnjẹ ẹni tó fẹ́ rà á yó. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò tùwó Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó rẹ̀, kò fi tíì tutù láti ọjọ́ tí ó ti wọlé ọkọ.

Lọ́dún kejì òmìnira, Akínladé, akọ̀wé owó orí, ọmọ Kàbà, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì, ó ní òun kò ní yọ owó oúnjẹ àlejò wọ̀nyẹn kúrò nínú èrè kí òun tó bu owó orí.

"Baba, a kì í yọ owó eré."

"Eré?" Jàmàlúdéènì fò dìde. "Ìgbà wo lo rí mi níbi eré? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dábẹ́ fún mi, mi ò ṣeré mọ́!"

"Oúnjẹ àlejò, eré ni ìjọba ń pè é, Baba. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan náà ni méjèèjì nínú ìwé òfin."

"Ọtí tí òyìnbó tó ń ta mọ́tò ń rọ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́nu ní kúlọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ìyẹn òwò ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúnàá-dúrà."

"Haba!" Páànù òrùlé mì tìtì. "Wíìsíkì ni òwò, tùwó ni eré! Àbí wọ́n máa ń rọ wíìsíkì tìẹ fún ọ níbẹ̀ ni?"

Akínladé gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni òfin wà.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n bá ka owó tùwó mọ́ èrè rẹ̀, owó orí yóò gbé owó tó fi ń ra awọ mì. Bí kò bá sì se tùwó, awọ kò ní wọlé. Èyí ó wù kó jẹ́, ṣọ́ọ̀bù awọ rẹ̀ á tì pa. Jàmàlúdéènì bínú dé ilé, ó bomi sójú, omi náà gbẹ kí ó tó kàn án.

"Ṣẹ̀fíátù, gbé ìkòkò!"

"Ibo là ń lọ, Bàbá Alimat?"

"Ibi eré!"

Nígbà tí ọ́fíìsì owó orí máa fi ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn alápatà Mando ti tẹ́ ẹní sí fàráńdà, awọ tútù rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí àwọn eṣinṣin tó sìn wọ́n wá bá ń san owó orí ni, owó wọn ì bá tó ti odindi ìlú kan. Ṣẹ̀fíátù ń bu tùwó àti ọbẹ̀ kúkà. Òórùn awọ wọlé láìkanlẹ̀kùn; àwọn akọ̀wé gba ojú fèrèsé jáde.

"Baba, kí lèyí?" Akínladé fi táì dímú.

"Eré ni. Jókòó, kí o wòran."

Àbdùlkàrímù, olórí alápatà, lá ìka rẹ̀ tán, ó gùnfẹ̀. "Madalla! Ó yá, Jàmàlú, èló lo máa san?" Wọ́n ná an, wọ́n pariwo, wọ́n bọwọ́. Awọ tà tán pátápátá.

Jàmàlúdéènì kọjú sí Akínladé. "Akọ̀wé, òwò ni àbí eré? Kó o tó dáhùn, awọ àná tó ti ń jẹrà ṣì wà lẹ́yìn ọgbà o."

"Òwò ni! Wallahi, òwò ni!"

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Akínladé, ṣùgbọ́n òórùn awọ ti sọ ọ́ di ìmàle. Ó yọ owó tùwó kúrò, ó fọwọ́ sí i kíákíá. Jàmàlúdéènì kò dúpẹ́. Wọ́n ha ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá ohun ẹni padà?

Bí wọ́n ti ń kẹ́rù, ojú Akínladé kò kúrò lára ìkòkò.

"Ìyá Alimat, ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Ṣẹ̀fíátù gbé ọmọrí dé e. "Awọ wo lo mú wá tà?"