Gíláàsì Ìbejì Yàrá Ìyá Mi

Ikọ́ ìyá mi ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní ọdún náà. Kí àwọn ará ìsàlẹ̀ tó pa jẹnẹrétọ̀ wọn, kí àwọn alábàárù tó máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí ọjà Singer, ikọ́ náà á ti bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá òkè, ikọ́ gbígbẹ tó ń fa èèyàn láyà. Ilé wa wà lẹ́yìn Niger Street, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa fi owó iṣẹ́ rélùwéè kọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Yàrá ìyá mi ló kọjú sí títì. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí á máa wo ayé tó ń lọ tó ń bọ̀, tí á máa ju ọwọ́ sí ẹni tó bá gbójú sókè kí i.

Fèrèsé yàrá náà kì í ṣe irú tí gbogbo èèyàn ní. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló kó wọn wálé láti ìlú òyìnbó nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gíláàsì méjì ni wọ́n dì pọ̀ sínú férémù kan, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, wọ́n sì dí etí rẹ̀ pinpin kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ inú àlàfo náà. Ariwo títì kò rí ọ̀nà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni eruku. Èmi ni mo sọ ọ́ ní gíláàsì ìbejì, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n oòrùn Kano kì í ṣe ti ìlú òyìnbó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí ọ̀kan gbẹ, ó sán, kùrukùru sì kún àárín gíláàsì náà bí ojú arúgbó. Òkúta tó ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fọ́ èkejì. A lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ fà á ya. A tún un lẹ̀, ó tún ya. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku rọ́ wọ yàrá náà bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun. Ọsibítù ni ìyá mi ti lo èyí tó pọ̀ nínú ọyẹ́ ọdún náà. Dókítà sọ fún wa pé eruku ni ọ̀tá rẹ̀, kí a má jẹ́ kí ó fojú kan irú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí ọyẹ́ ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá wá láti Àbújá, ó pe ìpàdé ẹbí. Ó ní òun ti tún yàrá kan ṣe ní Ọ̀ffà, ìlú bàbá wa, pé kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, Màámi gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Kano.

Ìyá mi mi orí. “Haba! Ọ̀ffà wo? Kano ni wọ́n bí mi sí, Kano ni mo bí ẹ sí. Ta ni mo mọ̀ ní Ọ̀ffà? Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo ní ‘sannu’, ta ni yóò dá mi lóhùn?”

“Màámi, ẹ̀mí yín ni mò ń rò,” ni Bọ̀ọ̀dá wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. “Kò sí ẹni tó ń ṣe irú gíláàsì yìí ní Kano. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ àwọn tó ń kó ẹrù wọlé, fífọ́ ló ń fọ́ sójú ọ̀nà.”

Mo ní láti sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo ń kọ́ iṣẹ́ gíláàsì lọ́dọ̀ Màlámù kan ní Fagge, èmi nìkan sì ni obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbéraga díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ mi kì í kúrò lọ́wọ́ mi títí n ó fi délé, bí ẹni pé gíláàsì ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Jíǹgí ìwojú àti gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo mọ̀ ọ́n gé, n kò sì tíì di ìbejì kankan pọ̀ rí. Síbẹ̀ mo dìde láàárín ìpàdé, mo ní, “Èmi á ṣe é.”

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àbúrò mi, èyí kọjá jíǹgí o.”

“Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú,” ni ìyá mi wí. “Bí ọyẹ́ bá dé tí kò tíì rí i ṣe, èmi fúnra mi á di ẹrù mi.”

Ìgbà òjò ni mo ṣe àkọ́kọ́. Mo gé gíláàsì, mo fi ọ̀pá alumíníọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn, mo fi gọ́ọ̀mù dí etí wọn yíká. Nígbà tí mo gbé e sójú férémù tó sì wọlé wọ̀ọ̀, mo pe àwọn ará ilé àti aládùúgbò wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tẹrí ba fún wọn bí ìyàwó tuntun. Kò pẹ́ tí mo fi jí lọ́jọ́ kan tí mo bá ìyá mi níwájú fèrèsé, tó ń fi etí ìró rẹ̀ nu gíláàsì. Ó nu ẹ̀yìn, ó nu inú, kùrukùru náà kò lọ, nítorí àárín ló wà.

“Ó ń làágùn,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń ká aṣọ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí yẹn dùn mí ju ẹ̀rín ẹnikẹ́ni lọ.

Mo tú gíláàsì náà, mo gbé e lọ bá Màlámù. Ó fi ìka tọ́ka sí ìrì inú rẹ̀, ó ní, “Ruwa kika kulle.” Omi ni mo tì mọ́ inú, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà òjò tó kún fún omi ni mo dé mọ́ àlàfo náà. Èmi àti Màlámù jókòó, a fọ́ ọ̀kan nínú gíláàsì òyìnbó àtijọ́ láti wo inú rẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí a ṣe ṣẹ́ ọ̀pá àárín rẹ̀ ni hóró wẹ́wẹ́ dà sílẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n! Wọ́n jọ àwọn hóró tó máa ń wà nínú àpò kékeré ní páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n máa ń kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníbàtà nìyẹn ní ọjà Sabon Gari. N kò ra bàtà, àpò inú páálí ni mò ń tọrọ. Àwọn kan rò pé mò ń fi í ṣe oògùn. Màlámù sọ pé ó ṣeé ṣe kí hóró náà ti mu omi yó, pé a ní láti yan án. Ìyá mi ló gba iṣẹ́ yíyan lọ́wọ́ mi. Ó gbé agbada ka gáàsì, ó ń rò ó bí ẹni yan ẹ̀pà, ó ń kọrin ìyìn sábẹ́ ohùn. A kó wọn sínú ìgò tí a dé pa, a sì ń retí ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ nìkan ni kò ní omi nínú. Ohun tó fẹ́ lé ìyá mi kúrò nílé náà la tún ń dúró dè.

Ọyẹ́ dé lójijì. Ètè gbogbo èèyàn là, ikọ́ ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá pè, ó ní òun ń wa mọ́tò bọ̀ wá gbé e. Mo sáré lọ sí Fagge. Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, èmi àti Màlámù nu gíláàsì títí ó fi ń dún lábẹ́ aṣọ, mo da hóró sínú ọ̀pá, mo sì dí etí wọn láìkánjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi ń sáré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gan, mo fi aṣọ ìbora wé wọn, mo gbé wọn sórí itan mi nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní Adaidaita, mo sì ń bẹ awakọ̀ ní gbogbo ibi tí títì ti bàjẹ́ pé, “Sannu-sannu, don Allah,” kó rọra nítorí Ọlọ́run. Bí mo ti délé, mo yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó di gíláàsì àtijọ́ mú, mo gbé tuntun wọlé, mo tẹ igi náà padà, ó sì ké pọ́ọ́, pọ́ọ́, pọ́ọ́ yí ká.

Bọ̀ọ̀dá dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó ti ìyá wa, ó gba omi mu, ó wò yíká.

“Ṣé iná ti wá ni?” ló bi mí. “N kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kankan.”

Mo ṣí fèrèsé náà díẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ya wọlé pẹ̀lú eruku. Mo tì í, yàrá sì pa rọ́rọ́. Bọ̀ọ̀dá dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì náà, ó wò mí. Ó sùn sí yàrá náà títí oòrùn fi gòkè, kùrukùru kankan kò sì sí láàárín gíláàsì náà. Òun nìkan ló wa mọ́tò rẹ̀ padà sí Àbújá.

Ìyá mi lo ọyẹ́ náà nílé, láìdé ọsibítù, ó sì lo púpọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo ti ṣe gíláàsì ìbejì fún ilé ìjọsìn, fún ilé ìwòsàn, fún ilé àwọn tó lówó jù wá lọ, àwọn obìnrin sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Mo máa ń sọ pé gígé ni, nítorí ìyẹn ni wọ́n nílò láti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, mo mọ ohun tí mo fi ń yangàn. Obìnrin àgbà kan fẹ́ lo ìyókù ayé rẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ wà, ayé sì fẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe. Ọwọ́ mi ló sọ pé ó ṣeé ṣe.