Ọjọ́ Tí Àkókó Dákẹ́ Lórí Òkè

Àwọn ará Odò-Ọwá kì í pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àkókó ni wọ́n ń pè mí. Ẹyẹ tó máa ń fi ẹnu gbẹ́ igi ni àkókó, kọ̀-kọ̀-kọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, orí kì í sì í fọ́ ọ. Kì í ṣe pé imú mi gùn bíi ti ẹyẹ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi ní ó gùn. Ọ̀kadà mi ló gba orúkọ náà fún mi.

Iṣẹ́ ọ̀kadà ni mo ṣe jù láyé mi. Mo gbìyànjú ìwé, mo dé ìwé kẹrin, èmi àti tíṣà jọ gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Mo roko díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó lórí alùpùpù, tí ilẹ̀ ń sá kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo mọ̀ pé ọkọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ti gbé iṣu, mo ti gbé àgbò Iléyá tó jókòó sẹ́yìn mi bí ọ̀gá ilé ìwé. Mo ti gbé páànù ìbolé gba Òsí lọ sí Obbo-Ilé nígbà tí ìjì ń jà, afẹ́fẹ́ sì gbé èmi àti páànù àti ọ̀kadà sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o. A ò ga ju igi ìbẹ́pẹ lọ.

Nígbà tí ọ̀kadà náà dàgbà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà mìíràn. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń kanlẹ̀kùn pé kí wọ́n ṣí fún òun: kọ̀-kọ̀-kọ̀. Bí mo bá ń gun òkè, á le sí i. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, á rọlẹ̀. Mo gbé e lọ bá Ráúfù, mẹkáníìkì tó ní ìsọ̀ lẹ́bàá ọjà wa. Ráúfù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ẹnu sukudiráfà ti ara ẹ́ńjìnnì, ó wá fi etí sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí.

"Bàbá, kónrọ́ọ̀dù ni."

"Kí ló ń jẹ́ kónrọ́ọ̀dù?"

Ó ní kí n fojú inú wo ẹni tó ń gúnyán. Písítìn ni ọmọ odó, tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Kónrọ́ọ̀dù ni apá tó di ọmọ odó náà mú. Ó ní ibi tí apá yẹn ti so mọ́ra ló ti jẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ̀n tó sì ń lu ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tú u," ó wí. "Bí ẹ bá ń gùn ún báyìí, á nọ́kì lọ́jọ́ kan."

Nọ́kì ni pé kí ẹ́ńjìnnì dákú, kó má sì jí mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ráúfù, mo ta kíìkì, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná. Ní gbogbo ọ̀nà oko wa, fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn obìnrin tó ní ẹrù láti gbé jáde kò mọ ìgbà tí ọ̀kadà máa kọjá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì wà ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, wọ́n ti gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀, wọ́n á ti gbé ẹ̀gẹ́ àti ata wọn sétí ọ̀nà dè mí. Àwọn ọlọ́kadà tí ẹ́ńjìnnì wọn ń dún jẹ́jẹ́ á kọjá lófìfo. Ewúrẹ́ gan-an mọ̀ mí, wọ́n á kúrò lọ́nà kí n tó yọ. Àkókó gidi kan wà nínú igbó tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì mi lóhùn. Ó tẹ̀ lé mi dé Ìlọ́fà lọ́jọ́ kan, ó rò pé mo ń fẹ́ ẹ ni. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: ṣé kí n wá sanwó fún Ráúfù kó bá mi pa agogo mi lẹ́nu mọ́?

Báyìí ni mo ṣe ń gùn ún títí di àárọ̀ tí Ìyá Àfúsá ránṣẹ́ pè mí.

Ìyá Àfúsá jù mí lọ dáadáa, èmi tí irun orí mi ti funfun yìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Ìlọrin ti ń gbìyànjú láti rán an lọ sí Mẹ́kà fún ọjọ́ pípẹ́, orúkọ rẹ̀ kì í jáde. Lọ́dún yẹn, ó jáde. Ẹrù rẹ̀ ti wà ní Ìlọ́fà, níbi tí bọ́ọ̀sì yóò ti kó wọn lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń dúró dè é níbẹ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀sì bá fi sílẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ti fi òun náà sílẹ̀ nìyẹn, ta ló sì lè sọ bóyá ẹ̀mí á tún gbé ìyá arúgbó dé ọdún tó ń bọ̀?

Ṣùgbọ́n àwa mùsùlùmí, bí ènìyàn bá ń lọ sí Mẹ́kà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Ìyá ti yí ìlú po. Ó tilẹ̀ bẹ èmi náà nítorí ọ̀rọ̀ kan tó sọ nípa mi lẹ́yìn mi. Mo ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà kí n mọ ohun tí mò ń foríjì. Ó kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù: Ìyá Ràṣí, àbúrò rẹ̀, tó ń gbé ní abà kan lódìkejì odò. Àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà nítorí ọlọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ nígbà tó kú.

"Àkókó, gbé mi lọ, gbé mi bọ̀."

"Ìyá, òjò rọ̀ mọ́jú o. Ọ̀nà ò dára."

"Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni? Ṣé kí n wá gbé ìjà ọlọ lọ́rùn lọ dúró ní Àráfà?"

Ó gòkè sẹ́yìn mi nínú aṣọ funfun rẹ̀, a gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ń gbá mi léjìká.

"Kí ló ń kan ugi nínú nǹkan tó o gùn yìí?" Ugi ni igi lẹ́nu àwọn àgbà wa.

"Agogo mi ni, Ìyá."

"Agogo kí ló ń ké bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn?"

Nígbà tí a dé abà, Ìyá Ràṣí ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Kò gbójú sókè. Ìyá Àfúsá sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ síwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ Mẹ́kà! Mo yí ojú mi kúrò. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ yín."

"Mi ò dìde. Foríjì mí ná."

"Mo ti foríjì yín ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀nà ilé mi lẹ ò mọ̀ mọ́."

Ni wọ́n bá dì mọ́ra wọn. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, lójú ẹsẹ̀ náà ni ìjà tuntun bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ràṣí ní dandan ni kí ẹ̀gbọ́n òun gbé ọlọ náà lọ. Ìyá Àfúsá ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Ìyá Ràṣí ní bí kò bá gbé e, òun gba àforíjì òun padà. Bí wọ́n ṣe gbé ọlọ jáde nìyẹn, ìyá ọlọ gan-an, òkúta ńlá bí orí màlúù. Wọ́n fi rọ́bà dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi. Nígbà tí mo jókòó, táyà ẹ̀yìn mí kanlẹ̀.

A la odò kọjá. Omi ti kún. Lẹ́yìn odò náà ni òkè kan wà tó dúró ṣánṣán bí ògiri. Mo yí ọwọ́ ọ̀kadà dópin. Ìró náà yí padà. Kì í ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀ mọ́, gbà-gbà-gbà ló ń dún, ó ń gbọ̀n mí léyín. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀. Ibi tí òkè náà ti le jù ló ti dún GBÀÀÀ! bí ẹni fi òòlù lu ìlẹ̀kùn irin. Nǹkan kan fò kọjá lẹ́bàá kókósẹ̀ mi, ó wọgbó. Ọ́ìlì tú dà sílẹ̀, èéfín bò wá. Àgbàdo tútù kan wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo búra, ó ti di sísun kí n tó rántí rẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo tẹ bíréèkì, kò mú. Mo ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ń bá wa yọ̀ lọ. Mo gbọ́ ohùn odò tó kún yẹn lẹ́yìn wa, tó ń sún mọ́ wa, Ìyá sì di àyà mi mú bí ọmọ tuntun. Rọ́bà bá já. Ọlọ já bọ́, ó gúnlẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn, kò sì mira mọ́. Òkúta tí ọmọ ìyá méjì torí rẹ̀ pa ara wọn tì ló jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, tó fi èjìká gbé wa dúró.

"Alihamudulilahi," ni Ìyá Àfúsá ń wí.

A sọ̀ kalẹ̀. Ìyá jókòó sórí ọlọ. Gbogbo igbó dákẹ́ lọ wọ̀ọ̀. Oòrùn ti ń sún mọ́ àárín ọ̀run.

"Ṣé á tún dún?"

"Rárá, Ìyá. Ó ti nọ́kì."

"Bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Mo retí kó bú mi. Ó kàn ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí mi ò bá dé ọ̀hún mọ́, mo ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi." Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi já láti inú igbó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí Àkókó dákẹ́?"

Kí n tó dáhùn, obìnrin méjì yọ lókè. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, àwọn kan gba ọ̀nà oko jáde. Wọ́n ti gbé ẹrù sétí ọ̀nà dè mí. Wọ́n gbọ́ mi nígbà tí mò ń gun òkè bọ̀, wọn ò sì gbọ́ mi mọ́. Obìnrin kan ti sunkún mi dé ibẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo wà lórí ìdúró, inú bí i: "Ṣé o ò kú ni? O jẹ́ kí n da ata mi nù!"

Mo tọ́ka sí Ìyá Àfúsá. Mo ní, "Mẹ́kà. Bọ́ọ̀sì. Ìlọ́fà."

Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun mìíràn. Wọ́n gbé Ìyá padà sórí ọ̀kadà. Èmi di ọwọ́ ọ̀kadà mú, àwọn kan fi okùn fà níwájú, àwọn tó kù ń tì lẹ́yìn.

"Ọlọ ńkọ́?" ẹnì kan bèèrè.

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀," ni Ìyá wí. "Kó sinmi."

A gun òkè, a la Odò-Ọwá kọjá, àwọn ará ìlú ń bọ́ sí i, ẹni tó bá rẹ̀ á yà, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀kadà yẹn ò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó ní ẹ́ńjìnnì. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí èrò, mi ò rí ìparí wọn. Bí ọba ni ìyá arúgbó yẹn jókòó láàárín wọn, ẹrẹ̀ lórí aṣọ funfun, ètè rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́ fún àdúrà.

Wọ́n ti kírun tán ní Ìlọ́fà. Bọ́ọ̀sì ti gbéra díẹ̀, ọmọ Ìyá dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń dá màlúù dúró. Dírẹ́bà yọ orí, ó fẹ́ bú u, ó bá rí wa.

"Ìyá, kí lèyí? Ṣé ogun ni?"

"Ọ̀kadà ni," Ìyá dá a lóhùn. "Ṣílẹ̀kùn."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ráúfù tú ẹ́ńjìnnì náà sórí àpò ní ìsọ̀ rẹ̀. Ihò tó wà lára rẹ̀ gba ọwọ́ mi. Kónrọ́ọ̀dù ti já sí méjì, apá kan ti lu irin jáde lọ sínú igbó. Ráúfù nu apá kejì, ó gbé e síwájú mi. Ibi tó ti ń jẹ ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Nǹkan tín-ín-rín yìí ló ń gbé mi gun òkè láti ọjọ́ tí Ráúfù ti kìlọ̀ fún mi, èmi àti iṣu àti àgbò, tó ń kú lọ, tí kò sì dá mi sílẹ̀. Mo gbé e dání, mo ń yí i wò.

Fóònù mi bá dún. Mo gbọ́ ariwo èrò bí òjò ńlá, mo wá gbọ́ ohùn Ìyá Àfúsá nínú rẹ̀.

"Àkókó! Mo dé ibẹ̀ o! Mo yá fóònù ẹnì kan ni, gbọ́ mi kíákíá. Mo dárúkọ gbogbo yín nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan tí mo ṣẹ̀ tí mi ò bẹ̀."

"Ta ni, Ìyá?"

"Ọ̀kadà rẹ. Èmi ni mo gbé òkúta lé e lẹ́yìn. Bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ìyá, irin ni o."

"Mo ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Fóònù já. Ráúfù ń wò mí. Mo wúkọ́. Mo kọjú sí ẹ́ńjìnnì tó là sílẹ̀ lórí àpò náà, mo ní, "Ìyá Àfúsá ní kí o foríjì òun."

Mo rò pé Ráúfù á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi sukudiráfà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Nígbà tí mo rí i pé kò sí oníbàárà kankan nítòsí, mo ṣí fìlà, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún tèmi náà.