Mínísítà Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Títí dòní, bí àlejò bá dé sí ilé alájà mẹ́ta yẹn, ìtàn ọjọ́ tí Mínísítà tú aago ọ̀gá ètò ààbò ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un. Ọkọ̀ dúdú kan dúró, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù sáré bọ́ sílẹ̀, ó sì na aago ọwọ́ rẹ̀ sí bàbá tó ń tún aago ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Bàbá, bátìrì ẹ̀ ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀ wéré. Mo ń lọ sípàdé, mi ò sì gbọdọ̀ pẹ́."

"Ìpàdé kí ni?"

"Lórí ètò ààbò ìlú ni, Bàbá."

Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Bàbá fi awò kékeré há ojú ọ̀tún, ó mú ẹ̀mú, ó ṣí ẹ̀yìn aago. "Jókòó, ọmọ mi. Wo kẹ̀kẹ́ yìí. Ọlọ́pàá nìyẹn." Ó yọ ọ́, ó gbé e lé aṣọ funfun. "Èyí tó tẹ̀ lé e, aṣọ́bodè ni. Wo bó ṣe dọ̀tí!" Ó yọ òun náà. "Àwọn sójà nìyí. Ẹ̀yin ìjọba ń lò wọ́n lọ láìsinmi, ẹ wá ń bèèrè ìdí tí aago fi ń fà sẹ́yìn." Kó tó tó ogún ìṣẹ́jú, gbogbo orílẹ̀-èdè ti tú ká sórí tábìlì. Ọ̀gá náà bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ìgbà tí Bàbá máa tò ó padà tán, ìpàdé ti parí.

Bàbá na aago sí i. "Máa lọ. Nínú gbogbo ìpàdé ètò ààbò tí wọ́n ṣe lónìí, tiwa nìkan ni nǹkan tó dúró ti tún ń ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Mínísítà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ fún un lọ. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ tí inú bá ń bí i.

Kò sí ohun tí ìjọba máa ṣe tí Mínísítà ò ní ní èrò tiẹ̀ lórí ẹ̀. Rédíò rẹ̀, tó fi rọ́bà dì mọ́ra, kì í kú láti àárọ̀ títí yóò fi palẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá fi sójà kún sójà lójú ọ̀nà, á ní wọ́n pọ̀ jù. Tí wọ́n bá kó wọn kúrò, á ní wọ́n ti ta ìlú. Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ gbé kámẹ́rà sí gbogbo oríta, ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Kámẹ́rà kẹ̀? Ẹ wá ìyá arúgbó kan, ẹ fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kámẹ́rà lè mọ ojú èèyàn, àmọ́ ṣé ó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́?" Oníbàárà tó bá gbà pẹ̀lú rẹ̀, aago rẹ̀ á yá. Èyí tó bá jiyàn, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí abẹ́ àtẹ̀gùn ti mọ ọgbọ́n ẹ̀. Kí Bàbá tó la ẹnu ló ti máa ń sọ pé, "Òótọ́ ni, Bàbá."

Ìṣòro dé nígbà tí rédíò kéde pé tí ẹnikẹ́ni bá rí ẹrù tí kò ní olóhun, kó má fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ bọ́ǹbù àwọn agbésùnmọ̀mí. Ọjọ́ kejì, Mínísítà rí báàgì dúdú kan lẹ́yìn àga rẹ̀. Igbe tó ké, ará òkè ilé gbọ́ ọ. "Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ dojú bolẹ̀!" Aránṣọ fi oníbàárà tó ń wọn èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó fò jáde. Tíṣà, ọ̀rẹ́ Mínísítà, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ tí ìbàdí sì ń dùn ún, tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ká ẹní. Wọ́n wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, títí ìyàwó Mínísítà fi yọ.

"Ẹ kúu jókòó o. Kí ló bọ́ sọnù lọ́wọ́ yín?"

Wọ́n nawọ́ sí báàgì. Obìnrin náà fo ẹsẹ̀ Tíṣà kọjá, ó gbé báàgì náà, gbogbo wọn sì figbe ta.

"Oúnjẹ ọ̀sán yín nìyí," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Mo gbé e síbí láàárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ ò tiẹ̀ rí mi. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣọ́ ìlú, ẹ ò sì dá báàgì ara yín mọ̀."

Mínísítà dìde, ó gbọn ekuru kúrò lára ṣòkòtò. "Ìdánrawò ni," ló wí. "Tíṣà nìkan ló fìdí rẹmi. Kò tètè dojú bolẹ̀."

Ọdún mẹ́wàá ni òun àti Tíṣà fi jiyàn. Tíṣà á gbé àga rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kejì lẹ́yìn ìròyìn àárọ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Tíṣà gbà pé kí ìjọba bá àwọn agbésùnmọ̀mí jókòó sọ̀rọ̀, torí ogun kì í bímọ, pípa ló ń pa ọmọ. Mínísítà á ní, "Ọ̀rọ̀ wo? Kí wọ́n lọ fọ́ wọn túútúú!" Ẹnu wọn kò kò rí.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Mínísítà bí ló wọ iṣẹ́ sójà. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́, wọ́n gbé e lọ síbi tí ìjà ti gbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mínísítà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ìjọba wá ọ̀nà tí wọ́n á fi bá àwọn èèyàn yẹn jókòó, ogun ò yanjú nǹkan kan.

Tíṣà fò sókè. "Ẹ gbà mí o! Oṣù tó kọjá ńkọ́? Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n fọ́ wọn túútúú?"

Mínísítà yọ awò kúrò lójú. "Oṣù tó kọjá, ọmọ mi ṣì wà ní bárékè."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà kàn fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, Tíṣà ti fò sí òdì kejì. Ó ní ogun ló dáa, kí wọ́n máa jà lọ. Kò sí èyí tó gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ẹni bá jiyàn ni, kó má bàa jókòó máa ronú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọmọ máa ń pè. Bí fóònù bá ti dún, Mínísítà á dìde pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, á lọ sẹ́yìnkùlé, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e. Tó bá padà dé, á ní, "Gbogbo nǹkan wà níkàáwọ́." Ará ilé gbà pé ó ń fún ọmọ ní ìmọ̀ràn bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́gun ni. Aránṣọ a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀yìnkùlé àwọn ni wọ́n ti ń darí ogun náà.

Ìgbà kan wà tí fóònù ò dún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aago kan ṣoṣo ni Mínísítà ń tú tó ń tò láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta. Ó bú ìjọba lórí ààbò, ó bú wọn lórí ọ̀nà, ó bú wọn lórí òjò. Nígbà tí Tíṣà ní kó rọra, ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti orí àtẹ̀gùn: "Ẹ jẹ́ kó pariwo, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá dákẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á." Ọ̀sẹ̀ kẹrin, fóònù dún. Aago olóhun sì yá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, àìsàn àyà dá Mínísítà dùbúlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ ilé ìwòsàn, ó ń bá aṣọ́gẹ́ètì jà: "Aláìsàn lò ń yẹ ara ẹ̀ wò, o jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kọjá. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn!" Ó ní kí ìyàwó òun má sọ fún ọmọ, torí sójà tó bá ń ro bàbá rẹ̀ ò ní wo iwájú. Ìparí oṣù ni ọmọ máa gba ìsinmi wálé. "Kó ṣáà wọlé," ló ń wí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìjọba tó bá mú un padà wọlé fún mi, mi ò ní bú u mọ́ láéláé." Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọmọ dé ló kú.

Ọmọ náà dé. Ó rù, oòrùn ti sun ún, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi rìn wọlé. Ó jókòó sí àga bàbá rẹ̀, àwọn ará ilé sì yí i ká. Àárò bàbá yẹn sọ gbogbo wọn. Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, bàbá ẹ máa ń fún ẹ ní ìmọ̀ràn ogun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ló sọ gbẹ̀yìn lórí ètò ààbò?"

"Ètò ààbò kẹ̀?" Ọmọ náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ ìjọba rí o. 'Ṣé o ti jẹun?' 'Ṣé bàtà ẹ ò jo?' 'Ibi tó o sùn ńkọ́?' Tí mo bá ní ó ti tó, wọ́n á ní kí n ṣì máa sọ̀rọ̀, ohunkóhun, kí àwọn ṣáà máa gbọ́ ohùn mi." Ó nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n máa ń sọ fún yín?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ sọ ti báàgì, ó sì dojú bolẹ̀ láti fi hàn án bí Tíṣà ṣe ṣe é. Ìyàwó Mínísítà sọ̀ kalẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún mọ́. Ẹnì kan rántí pé Mínísítà máa ń sọ pé ẹni tó bá buwọ́ lùwé pé kí ogun bẹ̀rẹ̀, ọmọ tiẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà níwájú.

Ọmọ náà mi orí. "Bàbá ò tọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ ìbọn yìn. Wọ́n á kàn dí wa lọ́nà ni."

"Ó tọ̀nà!" Tíṣà ti dìde dúró, tòun ti ìbàdí tó ń dùn ún. "Ta ló ní kò tọ̀nà? Ó tọ̀nà délẹ̀délẹ̀!"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Lọ́dún mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó padà jókòó, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún.

"Ó tọ̀nà," ló tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Mi ò kàn sọ fún un rí ni."