Ẹ̀rín Tí Mo Sọ Di Ẹkún Níléèwé

Ẹ bá mi gbọ́ o, mo sun ẹkún irọ́ lónìí!

Oṣù keje rèé tí ọkọ mi kú. A jókòó ní yàrá àwọn tíṣà níbí ní Ìkẹ́rẹ́, à ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. A ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹran ilé mẹ́ta. Ọmọ kan kọ ọ́ pé: ewúrẹ́, adìẹ, ẹ̀gbọ́n mi.

Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo yàrá kọjú sí mi.

Màmá kan tó jẹ́ àgbà láàárín wa wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ẹ̀rín opó rè é?"

Ni èmi ojo bá sọ ẹ̀rín di ẹkún. Mo fi ìwé bojú, mo ń mi èjìká. Kíá ni wọ́n yí mi ká. Màmá yẹn gan-an ló ń nu ojú mi! Ọ̀gá iléèwé ní kí n máa lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi bi mí pé, "Ìyàwó mi, kí ló dé tí o tètè dé ulé?"

Ẹ̀rù bà mí, torí ọmọ tiwọn ló kú. Ṣùgbọ́n mo rò ó fún wọn títí dórí ẹ̀gbọ́n.

Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ká ní ọmọ mi wà ńbí, ì bá ti rẹ́rìn-ín ṣubú. Tún un sọ jàre."

Ẹ dákun, oṣù mélòó ni opó ń lò kó tó gbàyè ẹ̀rín? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, ogún ìwé ṣì kù tí n óò máàkì lọ́la.