Ohùn Tó Pe Ìyá Mi Létí Odò

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tí mo sì ń súfèé bí mo bá ń sọ̀rọ̀, Peckham kọ́ ni mò ń gbé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníṣu ní Rye Lane ni wọ́n bí mi sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti ń rí mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń ná ohun tí n kò ní í rà. Rárá o. Amẹ́ríkà ni mo ti ṣe kékeré. Ẹ má tíì lanu, kì í ṣe Amẹ́ríkà tí ẹ ń wò nínú fíìmù. Ìlú kékeré kan ni, létí odò ńlá kan tó fẹ̀ débi pé màlúù tó bá wà ní òdìkejì á dà bí èèrà lójú wa. Bàbá mi ń kàwé lọ́wọ́ nígbà náà, ìyá mi sì ń bá wọn fara da òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ìlú náà fún yín. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì yín sílẹ̀. Etí ọwọ́ yín, lápá ibi tí ọmọ ìka tó kéré jù wà, ibẹ̀ ni odò ń gbà kọjá. Àárín àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ìlú àtijọ́. Ìdí àtàńpàkò tó ga sókè, òkè nìyẹn; ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú wà. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi bíríkì pupa tẹ́ ló ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín ìlú kọjá, ó sì wọ inú omi lọ tààrà. Mi ò purọ́. Kò dúró létí odò. Bí omi bá mọ́ gaara, ẹ ó rí bíríkì rẹ̀ tó ń bá ìrìn lọ lábẹ́ omi, bíi pé àwọn kan ṣì ń rìn ín.

Ìyá arúgbó òyìnbó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ló máa ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn agégi ló tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n ń ta igi ìdáná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi eléèéfín. Nígbà tí rélùwéè dé, tó sì gba ìlú mìíràn kọjá, ọkọ̀ kò yà síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì sílẹ̀. Wọ́n ń wa ìkarahun nísàlẹ̀ odò, wọ́n ń gé bọ́tìnnì róbótó lára rẹ̀, wọ́n sì ń da èyí tó kù nù. Nígbà tí bọ́tìnnì oníke gbòde, ilé iṣẹ́ náà kú. Ìkarahun tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa títí dé etí omi, funfun báláú, tòun ti ihò róbótó bí ihò ojú. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ó ń wò mí.

Omíyalé ló wá parí rẹ̀. Ó gbé àwọn àdúgbò ìsàlẹ̀ lọ, ìlú sì kó ẹrù rẹ̀ gun òkè. Ohun tó ṣẹ́kù létí odò ni àtẹ̀gùn òkúta. Àtẹ̀gùn nìkan o, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó gun ún tán, ẹ ó sì dúró lójú òfuurufú bí ẹni tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún. Ilé tiwa àti ti ìyá arúgbó nìkan ló kù nísàlẹ̀, nítorí owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n. Ta ni yóò san owó gidi láti máa gbé pẹ̀lú àtẹ̀gùn tí kò nílé?

Bàbá mi ríṣẹ́ kan ní òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́ sí. Òru ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́, wọ́n á dé láàárọ̀. Afárá jìnnà, a kò sì ní mọ́tò, nítorí náà ọkọ̀ kékeré tí olóògbé ọkọ ìyá arúgbó fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń sọdá. Kò léwu bí ojú bá ríran. Ṣùgbọ́n níwájú, lápá ibi tí odò ń ṣàn lọ, ìjọba mọ dámù kan síbẹ̀, omi sì ń já wálẹ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọkọ̀ tó bá ṣìnà débẹ̀, a kì í rí i mọ́. Kùrukùru ìlú yẹn sì nípọn bí ẹ̀kọ.

Nítorí kùrukùru yìí ni àwọn ará ibẹ̀ fi ní òfin kan. Irin ńlá kan, àfọ́kù irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́, wà tí wọ́n fi kọ́ ara igi létí odò. Bí ojú ọjọ́ bá di, ìyá arúgbó á dúró níbẹ̀, á máa lù ú kí bàbá mi lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ó kọ́ mi pé bí mo bá gbọ́ ohùn lórí odò nínú kùrukùru, kí n dá a lóhùn kíá. Kí n má béèrè ẹni tó ni ohùn. Ẹni tó bá pè ló fẹ́ gúnlẹ̀.

Ìyá mi náà ní òfin tiwọn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Ohùn tí ẹ kò rí ẹni tó ni ín, ẹ má jẹ́ ẹ. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá jẹ́ ìpè tí kò mọ̀ ti yá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò gbà á padà. Èmi ọmọdé wà láàárín òfin méjèèjì bí ẹran nínú búrẹ́dì.

Lọ́sẹ̀ kan, ìyá arúgbó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ó bẹ ìyá mi pé bí kùrukùru bá dé, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun lu irin. Ìyá mi ní kò sí wàhálà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ṣílẹ̀kùn, a kò rí ayé mọ́. Ohun gbogbo ti di funfun. Ìyá mi wé gèlè mọ́ etí nítorí òtútù, wọ́n mú ọ̀pá ìlurin, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a gba orí ìkarahun lọ. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ké lábẹ́ bàtà wa. A ti dé ìdí igi, wọ́n ti gbé ọ̀pá sókè, ni ohùn kan bá pè wọ́n láti inú odò.

Kò pè wọ́n ní ìyá Lámọrín, bí bàbá mi ti máa ń pè wọ́n. Oríkì wọn ló fi pè wọ́n. Ẹ má bi mí pé kí ni oríkì náà, n kò ní í sọ ọ́ níbí.

Ọ̀pá ọwọ́ ìyá mi dúró lókè. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Mo ní, "Màmá, bàbá mi ni. Ẹ lù ú."

"Bàbá rẹ kò fi pè mí rí," ni wọ́n wí, ẹnu wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣí. "Ìyá mi nìkan ló ń fi pè mí."

Bẹ́ẹ̀ ìyá wọn ti kú nílé, ọdún náà kò tíì yípo. Ìròyìn dé bá wa lẹ́yìn tí wọ́n ti sin wọ́n tán, owó ọkọ̀ òfuurufú kò sì sí. Ìyá mi kò rójú ìyá wọn, wọn kò rí sàréè.

Ohùn náà tún pè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. Kò jìnnà, ó dà bíi pé orí ọ̀nà bíríkì tó wà lábẹ́ omi ló ti ń bọ̀. Mo fi ọwọ́ kan irin, ìyá mi gbá ọwọ́ mi kúrò. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lu irin ti dáhùn ná, irin kò yàtọ̀ sí ẹnu. Ṣùgbọ́n bí irin kò bá dún, níbo ni bàbá mi yóò gúnlẹ̀ sí? Èmi ń gbọ́ ariwo dámù lọ́ọ̀ọ́kán, hùùù, omijé sì ti ń gbóná lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá mi lónìí, tí ẹ ń pè wọ́n ní Grandma, tí ẹ rò pé ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ń bá yín dù jẹ nìkan ni ọgbọ́n wọn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n dúró, wọ́n ronú. Wọ́n wá ní, "Mi ò ní í dáhùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n má pe ọkọ mi."

Ni wọ́n bá lanu. "Olówó orí mi o! Olówó orí mi, ibí ni mo wà!" Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sínú oríkì ìdílé bàbá mi, èyí tí àwọn obìnrin ilé fi kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé. Wọ́n ń kì í, wọ́n ń pè é, gèlè tú sílẹ̀ lọ́rùn wọn. Èmi náà gbá irin mú, mo ń lù ú, nítorí pé a kò dáhùn mọ́ nìyẹn, àwa ni a ń pè. Ohùn tó kọ́kọ́ pè dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ àjẹ̀ nínú omi. Ìsàlẹ̀ odò ni ó ti ń bọ̀, láti apá dámù. Nígbà tí bàbá mi jáde nínú kùrukùru, ojú wọn ti funfun bí ìkarahun. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irin, àwọn sì gbọ́ ariwo kan níwájú, àwọn rò pé ẹ̀rọ ilé àgbàdo ni, pé àwọn ti yí po padà sí òdìkejì. Wọ́n kọjú sí i, wọ́n ń tukọ̀ lọ. Dámù ni. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn ìyàwó wọn.

Ìyá mi ní, "Kí ló dé tí o fi oríkì pè mí?"

Bàbá mi wò wọ́n. "Èmi? Mi ò pe ẹnì kankan. Èémí ni mo ń wá bí mo ṣe ń tukọ̀."

Nígbà tí ìyá arúgbó dé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó wo odò títí, ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í béèrè ẹni tó ni ohùn.

A kúrò níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi gboyè. Láìpẹ́ yìí, mo wá ìlú náà lórí fóònù. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ibi tí ilé wa wà ti di omi. Odò ti ká àtẹ́lẹwọ́ náà kò, ó ku àtàńpàkò.

Bàbá mi ti dolóògbé. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa lápá Nunhead, a sì jọ máa ń rìn nínú ọgbà Peckham Rye láàárọ̀. Odò kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń yọjú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún wọlẹ̀ lọ, ó ń gba abẹ́ ilé àti abẹ́ títì wa kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de bọ́ọ̀sì lórí rẹ̀, ẹ kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, tí kùrukùru bolẹ̀, ìyá mi dúró gbọnin létí omi náà. Wọ́n ní ṣé mo gbọ́. Mo ní kí ni? Wọ́n yọ fóònù wọn nínú àpò, èyí tí wọn kì í lò, wọ́n ní kí n bá wọn pe gbogbo ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo wọn ló gbé e, àfi àbíkẹ́yìn mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní New Cross. Ó dún títí, ẹ̀rọ wá ní kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà. A tún pè. Nígbà tó yá ló gbé e, tòun ti Yorùbá rẹ̀ tó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà gíga:

"Grandma, ẹ má bínú, mi ò mọ number yẹn, so mi ò fẹ́ pick. Mo ti wà lójú road, mo wá dúró láti wo phone. Kí ló happen?"

Ìyá mi ní, "Kò sí nǹkan. Máa lọ, ṣùgbọ́n wo ọ̀tún, wo òsì." Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bóyá nítorí pé a pè é ni, a kò lè mọ̀.

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, ohùn ni a máa ń gbọ́ tí a kò ní rí orúkọ. Nígbà tiyín, orúkọ lẹ ń rí kí ẹ tó gbọ́ ohùn, èyí tí kò bá sì lórúkọ, ẹ ó jẹ́ kó dún títí yóò fi dákẹ́. Ẹ rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ọgbọ́n ìyá mi ni, fóònù ló kàn ń bá yín ṣe é. Ohun tó sọnù ni apá kejì: ẹ kì í dáhùn, ẹ kì í sì í pe ẹnikẹ́ni. Oríkì tí ìyá mi sọ yín, ta ló fi ń pè yín?

Èmi, ìyá mi nìkan ló kù tó ń fi oríkì pè mí. Lánàá, mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí ibùsùn nítorí orókún ń dùn wọ́n, mo dá rìn lọ sí Rye. Kùrukùru wà. Mo dé etí omi kékeré yẹn ni mo gbọ́ oríkì mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti abẹ́ ilẹ̀. Ohùn ìyá mi ni.

N kò dáhùn. Mo pe fóònù ilé. Ó dún, ó dún, ẹnì kan gbé e, kò sì sọ̀rọ̀. Èémí nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ní, "Màmá, èmi ni."

"Mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà ti gbọ́ ohùn tó ń fi oríkì pe ènìyàn yẹn, àbí? Máa bọ̀ nílé."