Orúkọ tí Ọ̀gá Wa fún Ọgbọ̀n

Ọ̀gá wa obìnrin níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Mayfair nílùú wa níbí kì í bá ènìyàn jà. Nọ́ńbà ni wọ́n máa ń bá jà. Tí wọ́n bá rí nọ́ńbà lásán tí kò lórúkọ nínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ jígí ojú wọn tọ́ka sí i: "Ìwọ yìí, kí lorúkọ ẹ?" Gbogbo wa á tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, à ń kọ kóòdù fún ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé ìyá ọ̀gá ní Òkè-Ogbó. Tí ẹ̀rọ náà bá fa omi tán, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jóná. Akẹgbẹ́ mi kan kọ ọgbọ̀n síbẹ̀, ó pè é ní DÚRÓ.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Dúró? Ṣé àbíkú lò ń bẹ̀ ni? Ọgbọ̀n kí ni?"

"Ìṣẹ́jú ni, mà. Ó wà nínú orí mi, mi ò lè gbàgbé."

"Tí ìwọ àti orí ẹ bá rìnrìn àjò ńkọ́?"

Wọ́n tẹ orúkọ mìíràn: ÌṢẸ́JÚ_TÍ_Ẹ̀RỌ_OMI_FI_Ń_SINMI.

"Ó mà gùn o, mà!"

"Oríkì ni. Jẹ́ kó máa jẹ́ ẹ."

Akẹgbẹ́ mi ti wà nílùú òyìnbó báyìí, òun àti orí ẹ̀. Ẹni tó gbapò ẹ̀ ṣí kóòdù náà lánàá, ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ̀n tí mo rí níbí yìí..." Ló bá ka orúkọ tó wà níwájú ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, ó ti dáhùn fúnra ẹ̀."